Àtúnṣe: Ẹnìkan Ṣoṣo Kọ́ Ló Dá Eré Speedway Sílẹ̀

Àtẹ̀jáde kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp, tó ní Johnnie Hoskins ló dá eré ìje alùpùpù tí wọ́n ń pè ní speedway sílẹ̀ ní West Maitland, ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1923, àti pé ẹnikẹ́ni kò tíì fi alùpùpù díje lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Èyí kì í ṣe òótọ́.

Eré ọjọ́ náà wáyé lóòótọ́, Hoskins sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti gbé e lárugẹ. Kò yẹ kí a gba iyì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Ọsirélíà fúnra wọn ti ń fi alùpùpù díje lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, títí kan pápá eré ìje ẹṣin. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè ṣí Trove, àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ tí Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan.

Bákan náà, High Beech, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kejì ọdún 1928, kọ́ ni eré náà ti kọ́kọ́ wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó wá wò ó ló jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ borí. Wọ́n ti díje ní Camberley àti Droylsden ní ọdún 1927.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí àtẹ̀jáde àkọ́kọ́.