Ẹ Sanwó Àwo Náà Kó Tó Jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tún orin àtijọ́ gbé jáde lórí àwo bá kéde pé àwo àpàlà tàbí jùjú kan ń bọ̀ lóṣù mẹ́ta sí i, ẹ má kàn kí i kú iṣẹ́ kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Bí agbára yín bá ká a, ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju èèyàn méjì mẹ́ta lọ. Kí wọ́n tó ta àwo kan ṣoṣo, wọ́n ti sanwó fún ẹni tó tún ohùn orin ṣe, fún ẹni tó ya páálí, àti fáwọn tó ń tẹ àwo. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ á kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n gbọ́ ọ wò. Bí ariwo bá wà níbẹ̀, ó di àtúnṣe, ọjọ́ á sì tún sún síwájú. Owó táwa bá san sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá 300 ni kí wọ́n tẹ̀ tàbí 1,000. Ní February 2020, iná jó Apollo Masters ní California, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ méjì péré lágbàáyé tó ń ṣe láákà, ìyẹn àwo rírọ̀ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé orin sí kí wọ́n tó tẹ àwo. Èkejì wà ní Japan. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò lówó nílẹ̀ ló máa ń pa lára jù.

Àwọn àgbà wa náà mọ ìnira yìí. Ní 1969 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró jọ dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀, kí èrè orin lè máa bọ́ sọ́wọ́ olórin. Ní 1974, lẹ́yìn ìjà àdéhùn, Sunny Adé dá tiẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó di 1979, Hárúnà ti kọ́ ibi ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìjẹ̀bú-Igbó o!

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí owó yín ń rà. Ẹ gbọ́ àpàlà lórí fóònù, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ lórí àwo tí wọ́n fara balẹ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Agídìgbo tẹ́ ẹ rò pé kò sí níbẹ̀, òun ló ń ti ìsàlẹ̀ gbé gbogbo orin náà rìn. Ẹ ó gbọ́ ibi tí onílù ti fún ọṣán gángan mọ́ra, ẹ ó gbọ́ báwọn ẹlẹ́gbè ṣe mí kí wọ́n tó gbè é. Téèpù àkọ́kọ́ sì sábà máa ń ti sọnù. Ara àwo tó ti họ ni wọ́n ti ń yọ ohùn yẹn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ń ṣe é dáadáa níbòmíràn. Hailu Mergia, olórin ará Ẹtiópíà, ń wa takisí ní Washington nígbà tí ilé-iṣẹ́ Awesome Tapes From Africa tún kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti 1985 gbé jáde ní 2013. Ilé-iṣẹ́ náà ń pín èrè dọ́gba pẹ̀lú olórin, bàbá náà sì padà sórí ìtàgé. Tiwa náà ti ń jáde: ní 2020, Soul Jazz Records ní London gbé àkójọ àpàlà ọdún 1967 sí 1970 jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e jáde náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Nínú ìkéde yín, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tẹ́ ẹ bá ṣàdéhùn nínú ìdílé olórin, àti ohun tó kàn wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lu gángan àti ẹni tó lu agídìgbo, torí orúkọ ọ̀gá nìkan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn páálí. Ẹ wá wọn dé Ìjẹ̀bú-Igbó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Àwọn ọmọ onílù ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá rí ìyẹn nínú ìkéde, màá sanwó tèmi lọ́jọ́ náà, màá sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀.