Ṣé inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dá ìrora dúró?

Ọmọ Láàgéré: Láàárọ̀ yìí mo fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ kọ bẹ́ńṣì. Bí mo ṣe ń fọwọ́ ra á ni ìrora ń rọlẹ̀. Mo kà á pé inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dín in kù kó tó dé ọpọlọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé èékánná ò ṣí?

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Ẹsẹ̀ lo fi kọ bẹ́ńṣì, kí ló kan ẹ̀yìn?

Nọ́ọ̀sì Ẹnuwá: Òótọ́ ni. Melzack àti Wall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ló gbé e jáde ní 1965, wọ́n fi wé géètì. Iṣan tó ń gbé ìfọwọ́kàn nípọn, ó sì yára ju tínínrín tó ń gbé ìrora tó ń ro kẹ́kẹ́ lọ. Tí ìfọwọ́rá bá wọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, á jí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan níbẹ̀, àwọn ni yóò tẹ ìrora rì. Ọpọlọ náà máa ń ránṣẹ́ wá látòkè pé kí wọ́n ti géètì náà.

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Ta ló kọ́ géètì sẹ́yìn èèyàn? Àdín ni ìyá àgbà wa n'Íléṣà fi ń ra á, ó sì ń lọ.

Àdùkẹ́ Mọ́dákẹ́kẹ́: Àdín kẹ̀? Òrí ni wọ́n fi ń ra ojú ibi tó wú.

Nọ́ọ̀sì Ẹnuwá: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá àgbà fọwọ́ ra á, àbí wọ́n kàn da àdín lé e?

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Wọ́n fọwọ́ ra á. Àdín ló ṣe é.

Àdùkẹ́ Mọ́dákẹ́kẹ́: Òórùn àdín nìkan tó kí ìrora sá.

Bàbá Kókó: Tí géètì yẹn bá tì, ẹ rán ọ̀ṣómàáló síbẹ̀. Kò ní dìde títí wọ́n á fi ṣí i.

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Ẹ fi Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀. ÀDÍN NI.

Ọmọ Yunifásítì: Àwọn ìwádìí ẹ̀yìn 1965 tún àwòrán Melzack àti Wall ṣe láwọn ibì kan, àmọ́ dídín tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń dín ìròyìn ìrora kù dájú. Kẹ́míkà GABA wà lára ohun tó fi ń ṣe é. Ẹ tún wo àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ńlá…

Àdùkẹ́ Mọ́dákẹ́kẹ́: Ṣé wọ́n fi òrí pa sójà?

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Mo ní ÀDÍN!

Bàbá Kókó: Ẹ má pariwo àdín létí Èṣù o.

Nọ́ọ̀sì Ẹnuwá: Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ gbígbẹ náà ń ṣe é. Ẹ dán an wò.

Jagun Ìjẹ̀ṣà: Àbúrò, ọwọ́ gbígbẹ á bó èèyàn lára.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Láàgéré, èékánná ńkọ́?