Ìbàdàn sí Ìlọrin kì í ṣe wákàtí méjì nínú bàálù

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé 300 kìlómítà ni pápákọ̀ òfuurufú Alákíà n'Ìbàdàn sí ti Ìlọrin, pé bàálù ń lo wákàtí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bí 130 kìlómítà ni lófuurufú. Bàálù tó ń sá 500 kìlómítà ní wákàtí kan á rìn ín ní ìṣẹ́jú 16. Ẹ fi gbígbéra àti bíbalẹ̀ kún un, bí ìdajì wákàtí náà ni. Ọ̀nà mọ́tò tiwa yìí pàápàá, tó gba Ọ̀yọ́ kọjá, kò tó 300.

Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ pápá kan mọ́lẹ̀, kí ẹ ní kó wọn ún dé èkejì. Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi pín in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ síbi tí tàkọ́kọ́ dé.