Ẹni Tó Bímọ Náà Lè Jẹ Oúnjẹ Àwọn Àgbà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà gbà pé sàárà ni oúnjẹ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún àwọn àgbà, pé ti tálákà tí kò lẹ́nìkan ni. "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," la fi ń pa ìyá lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni, ebi sì ń tibẹ̀ pa àwọn àgbà wa nínú ilé tí fíríìsà kún.

Older Americans Act ni òfin tó gbé e ró. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i. Ní 1972 ni wọ́n fi ètò oúnjẹ kún un. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò: ẹni tó bá ti pé 60 ọdún, àti ọkọ tàbí aya rẹ̀, kódà bí ìyẹn kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ torí owó tó ń wọlé fún un lé e padà. Ẹni tó bá wù lè dá owó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Owó orí ni wọ́n fi ń se é, ti ọmọ yín náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ní Houston. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì oníwákàtí 12, àwọn ọmọ-ọmọ wà níléèwé. Ẹ̀gúsí wà nínú fíríìsà lóòótọ́, àmọ́ ó ti gan, orúnkún ìyá ò sì jẹ́ kó lè dúró pẹ́ nídìí sítóòfù. Tíì àti búrẹ́dì ló fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó di alẹ́. Ṣé ọmọ yẹn ò tọ́jú ìyá rẹ̀ ni? Ó ń tọ́jú rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó wà nílé.

Ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ náà, àwo oúnjẹ kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta èròjà tí ara ń fẹ́ lójúmọ́. Kì í sábà ní ata o. Àmọ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sófin náà ní 2020 ní kí wọ́n gba àṣà àwọn tó ń jẹun rò débi tó bá ṣeé ṣe, nítorí náà ẹ béèrè. Ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó jáde, wọ́n ń gbé tirẹ̀ wá bá a nílé, ẹni tó gbé e wá á sì fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe jí.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àhesọ náà. Iye tí ilé aṣòfin bá yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń ná, kì í sì í kárí. Níbòmíràn, ńṣe lèèyàn ń dúró kó tó kàn án. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹni tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù ṣáájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlówó nìkan ni òfin yẹn pè ní àìní: àìgbédè ìlú wà níbẹ̀, dídá wà náà wà níbẹ̀. Ìyá wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òun gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n wá kàn. Ẹ pe Area Agency on Aging, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.