Ẹ San Owó Adìyẹ Tí Ẹ Bá Pa

Bí ọlọ́sìn adìyẹ bá jí láàárọ̀ tó bá òkú igba adìyẹ nílẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè pe dókítà ẹranko ìjọba, kí wọ́n wá pa gbogbo ìyókù, kí wọ́n sun wọ́n, kí òun sì máa retí owó gbà-má-bínú tí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ó sì lè pe àwọn alájàpá lóru kí wọ́n wá kó èyí tó ṣì ń mí lọ sọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó jẹ gbèsè báńkì tàbí tó yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀. A kò bínú sí i. Ìjọba la ń bá wí.

Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí H5N1, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, nílẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní Jàjí, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ó ti pa ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 22 kan ní Èkó. Ó lọ. Ó padà ní 2015. Ó tún dé ní 2021.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lùkúlùkú tí àwọn àgbà mọ̀ náà ni. Rárá o. H àti N tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àmì lásán. Èròjà purotéènì méjì tó yọ bí ẹ̀gún sí ara fáírọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. H ló fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, òun náà ló fi ń wọlé. N ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń já ara wọn gbà nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ bá sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ṣùgbọ́n H kò lè ṣílẹ̀kùn bí wọn kò bá là á sí méjì. Ó dà bí obì tí a kò tíì pa. Fáírọ́ọ̀sì kò sì ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Ọ̀bẹ ẹni tó gbà á lálejò, ìyẹn èròjà inú ara tó ń gé purotéènì, ló ń yá lò.

Ibẹ̀ ni gbogbo ewu rẹ̀ wà. Bí H bá jẹ́ èyí tó rọ̀, inú ọ̀nà èémí àti ìfun adìyẹ nìkan ni ọ̀bẹ tó lè là á wà. Adìyẹ a wúkọ́ díẹ̀, ẹyin a dín kù, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ojú ibi tí wọ́n ti ń là á bá yí padà, ọ̀bẹ mìíràn tó ń jẹ́ furin a lè là á, furin sì wà káàkiri ara, ó wà nínú ọkàn, ó wà nínú ọpọlọ. Àrùn tó jẹ́ ti èémí a wá di ti gbogbo ara, ilé adìyẹ a sì ṣófo láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Inú ilé adìyẹ gan-an ni ìyípadà yìí ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, H5N2, tó jẹ́ ìbátan H5N1, wọ àwọn oko adìyẹ ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò pa púpọ̀, ó kàn ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti di apanirun. Ìṣù ṣúgà kan tó bo ojú ibi tí wọ́n ti ń la H ló ṣí kúrò, ìyẹn nìkan ló tó. Adìyẹ bíi mílíọ̀nù 17 ló bá a lọ kí wọ́n tó kápá rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwa ènìyàn ńkọ́? Irú ṣúgà tí H ti H5N1 ń wá lójú sẹ́ẹ̀lì kò pọ̀ ní imú àti ọ̀fun wa, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí. Ìyẹn ni kì í fi tètè ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó lé ní 900 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kà láti 2003 pé ó mú, bí ìdajì ló kú. Ní 2012, àwọn onímọ̀ fi hàn nínú yàrá ìwádìí pé ìyípadà díẹ̀, tí èèyàn lè kà tán lórí ìka ọwọ́ kan, tó láti mú kí ó máa gba inú afẹ́fẹ́ ràn láàárín ẹranko kékeré tó ń jẹ́ ferret. Adìyẹ aláìsàn tí wọ́n fi òru kó dé ọjà, tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ lásán hú ìyẹ́ rẹ̀, àyè ìyípadà ló ń fún un. (Adìyẹ tó bá jinná dénú kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ wa sá fún ẹyin.)

Ní 2006, náírà 250 ni ìjọba àpapọ̀ kéde lórí adìyẹ kan, àwọn ọlọ́sìn sì pariwo pé kò tó. Láti ìgbà tó ti tún padà dé, igbe wọn ni pé wọ́n pa ẹran àwọn, wọn kò sanwó. Ta ni yóò tún pe dókítà?

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá owó jọ sílẹ̀ kí àrùn tó dé. Kí wọ́n san iye tí adìyẹ ń tà lọ́jà lọ́sẹ̀ náà, láàárín ọjọ́ 14, fún ẹni tó bá fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ tó rí òkú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tà á fún alájàpá, kó má gba kọ́bọ̀. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọlọ́sìn yóò purọ́. Àyẹ̀wò ni yóò tú u fó: ilé ìwádìí ẹranko wà ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, ilé ìwádìí tó wà ní Ẹdẹ ló sì kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta 2020. Kí wọ́n fún wọn lówó kí wọ́n máa ka àbùdá H fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ oko kọ̀ọ̀kan, kí èsì rẹ̀ sì padà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó ni ẹran.

Ìgbà ọyẹ́ ni àrùn yìí sábà ń jà. Kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí tó dé, a fẹ́ rí owó náà nínú ìwé ìṣúná, kí orúkọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó dá.