Irọ́ ni pé ẹni tójú ń tì ò lè ṣòwò

Gbogbo ibi téèyàn bá yà sí, orí Facebook o, WhatsApp o, ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, orin kan náà ni wọ́n ń kọ sí wa létí, pé aláyà líle ló ni bísínẹ́ẹ̀sì, pé wọ́n máa ń bí i mọ́ èèyàn ni, pé bí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́ tàbí ojú ń tì ẹ́, kó o yáa lọ wáṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ wa pé àwọn fẹ́ bá wa pa ẹ̀rù náà, ọjọ́ mẹ́ta nínú họ́ọ̀lù, ẹ nawọ́ sókè, ẹ pariwo pé mi ò bẹ̀rù mọ́, tó bá di Mọ́ńdè ẹ̀rù á ti dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú yín.

Èmi ń ta léèsì àti ankara n'Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án, ojú sì máa ń tì mí gan-an. Èyí tó le jù fún mi ni kí n béèrè owó mi. Màmá kan wá kó léèsì ìgbéyàwó ọmọ wọn, aṣọ ẹbí èèyàn mọ́kànlá, wọ́n san ìdajì, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìnáwó. Ìnáwó parí, a jẹ, a mu, èmi gan-an jó níbẹ̀, mo tún lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí (ẹ ṣáà wò mí!). Oṣù kan kọjá, wọn ò sọ nǹkan kan. Tí mo bá mú fóònù, màá tẹ "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, nípa owó yẹn", màá pa á rẹ́, màá tún un tẹ̀, màá tún pa á rẹ́, ohun tí màá wá fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn ni "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi". Wọ́n á dá àmì ọwọ́ àdúrà padà. Ó burú débi pé tí mo bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán lọ́jà, èmi ni mò ń yà gba ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Èmi tí wọ́n jẹ lówó o, èmi ni mò ń sá!

Nígbà tí mo ké lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "lọ bá àwọn Ìjẹ̀ṣà kí wọ́n fún ẹ lára àyà wọn". Òṣómàáló ni wọ́n ń sọ, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń gbé aṣọ kiri ìletò láyé ọjọ́sí, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá padà wá gbowó díẹ̀díẹ̀. Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. A máa ń sọ ọ́ bíi pé ojú kì í ti wọn látinú ìyá wọn wá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin á kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀gá, á máa ru aṣọ, á máa wo bó ṣe ń ṣe é, kó tó dá dúró. Ẹ tiẹ̀ wo òṣó yẹn fúnra ẹ̀ dáadáa, ẹni tójú ń tì gan-an ló bá lára mu: o ò ní wá ọ̀rọ̀ sọ, o ò ní jà, o ṣáà ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo agbolé ti mọ nǹkan tó o wá ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dé Lomé, ní Tógò níbí. Àwọn onímọ̀ kan, Francisco Campos àti Michael Frese wà nínú wọn, kó oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà, ẹ̀kọ́ tá a ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn kan béèyàn ṣe ń dá nǹkan bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, bó ṣe ń wo iwájú, bó ṣe ń dìde tí nǹkan bá dojú rú. Wọn ò kọ́ àwọn tó kù ní nǹkan kan. Wákàtí 36 péré ni ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún ọdún méjì. Àbájáde ẹ̀ jáde nínú Science, ìwé táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé ìwádìí wọn sí, lọ́dún 2017: èrè àwọn tó kọ́ dídá nǹkan bẹ̀rẹ̀ fi ìdá 30 nínú 100 lé sí i, ti àwọn oníṣirò owó jẹ́ 11, ìyẹn gan-an ò sì fìdí múlẹ̀ tó. Láàárín àwọn obìnrin, 40 ni sí 5. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni, báwo ni wọ́n ṣe fi wákàtí 36 kọ́ ọ?

Mi ò ní ọ̀rọ̀ ọkàn ló ń pa gbogbo òwò o. Tí dọ́là bá gòkè tí owó léèsì di ìlọ́po méjì, kò sí àyà líle tó máa san ìyẹn.

Èmi ò tiẹ̀ bá ojútì mi jà mọ́. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri, "owó á pé ká tó gé aṣọ", ìwé ló ń bá wọn sọ ọ́, ẹnu mi kọ́. Fún àwọn tó ti jẹ mí tẹ́lẹ̀, mo kọ mẹ́sééjì kan ṣoṣo, mo fi pa mọ́ sínú fóònù, gbogbo Sátidé láago mẹ́rin ó ń lọ bẹ́ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Kọ́sítọ́mà kan bínú lọ tòun ti ìyá ẹ̀, ó sì dùn mí ju bí inú mi ṣe dùn sí àwọn tuntun márùn-ún tó dé (Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ méjì tó ṣèwádìí bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ti kọ ọ́ láti 1979 pé àdánù máa ń dunni ju bí èrè ṣe ń dùn mọ́ni lọ, mo wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan). Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an, àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Màmá yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo da fóònù dojú bolẹ̀ sábẹ́ aṣọ, mo sáré lọ ra omi tí òùngbẹ ò gbẹ mí. Nígbà tí mo fi máa padà wọ́n ti fèsì: "Háà, Ìyá Tómi, ṣé mi ò tíì san yẹn ni? Mo rò pé mo ti fi ránṣẹ́. Jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà àkáǹtì ẹ sílẹ̀." Oṣù mẹ́ta ni mo fi gba ẹ̀yìn ẹlẹ́ran.