James Baldwin ò sá fi ilé sílẹ̀ o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ pé James Baldwin, òǹkọ̀wé èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà, sá fi àwọn èèyàn ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó kúrò ní New York lọ sí Paris ní November 1948, dọ́là 40 péré ló wà lápò ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ti bẹ́ sódò látorí afárá ní 1946, òun náà sì mọ̀ pé tóun ò bá tètè kúrò lábẹ́ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀, òun ló kàn.

Paris gan-an ò rọgbọ. Ní December 1949 ọlọ́pàá kó o torí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì òtẹ́ẹ̀lì tí ẹlòmíì gbé, ọjọ́ 8 ló fi wà látìmọ́lé, Kérésì bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Lucien ló wà lọ́kàn mi jù. Lucien Happersberger, ọmọ Switzerland tó pàdé ní Paris, òun ni Baldwin fẹ́ràn jù láyé ẹ̀, kò sì fi bò. Ìwé tó ti ń bá a wọ̀yá ìjà fún bí ọdún 10, tí ò parí, Lucien ló mú un lọ sílé àwọn òbí ẹ̀ lórí òkè ní Loèche-les-Bains, ní Switzerland, kó lè ráyè kọ ọ́. Yìnyín bo gbogbo ìta, àwọn ará abúlé ò rí èèyàn dúdú rí, àwọn ọmọdé ń pariwo tẹ̀lé e, inú ilé wá ku òun, táípúráítà, àti rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ti Bessie Smith, akọrin blues tó jẹ́ èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, tó ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, torí ohùn obìnrin yẹn ló ń rán an létí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tóun wà ní kékeré. Ẹ wo ibi tó jìnnà tó tó ti rí Harlem, àdúgbò èèyàn dúdú tó dàgbà sí ní New York, kedere! Ibẹ̀ ló ti parí ìwé yẹn, *Go Tell It on the Mountain*, ó jáde ní 1953.

Baldwin fẹ́ kí wọ́n jọ máa gbé títí ayé, Lucien lọ gbéyàwó ní 1952. Ó dùn ún gan-an, síbẹ̀ kò bá a ṣọ̀tá, òun ló ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ wọn, nígbà tí *Giovanni's Room* sì jáde ní 1956, ìwé ìfẹ́ ọkùnrin méjì tí àwọn tó tẹ ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀, orúkọ Lucien ló kọ síwájú ẹ̀. Èmi ò rí ohun yẹ̀yẹ́ kankan nínú irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ ní ó sá yìí náà ló padà sí Amẹ́ríkà, tó wọ àwọn ìpínlẹ̀ South ibẹ̀ lọ ní 1957 nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú gbóná, òun ló ra ilé tí ìyá ẹ̀ gbé ní New York. Ó gbé Istanbul, ó gbé Saint-Paul-de-Vence ní France, ibẹ̀ ló kú sí ní December 1, 1987, Lucien wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pẹ̀lú David àbúrò ẹ̀. Wọ́n wá gbé e wálé. Níbi ìsìn ìsìnkú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. John the Divine, ní New York, Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ló lùlù fún un.